Ejẹ́ǹtì mẹ́wàá, ojú kan ṣoṣo: ta ni yóò bá wa yẹ pílánì sọ́fítíwíà wò?

Àṣà tuntun kan ti dé sí àárín àwọn ọ̀dọ́ wa tí ń kọ sọ́fítíwíà, ó sì ti ń yọ́ wọ ọ́fíìsì àwọn agbaṣẹ́ṣe ìjọba. Bí ẹnìkan bá ti ya pílánì iṣẹ́ rẹ̀ tán, dípò kí ó gbé e lọ síwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ àti àwọn tí yóò lo iṣẹ́ náà, inú kọ̀ǹpútà ni yóò gbé e sí. Yóò pe ejẹ́ǹtì AI márùn-ún, mẹ́fà, nígbà mìíràn mẹ́wàá. Yóò ní kí ọ̀kan wo ọ̀rọ̀ ààbò, kí èkejì ṣírò iye tí iṣẹ́ náà yóò náni, kí ẹ̀kẹta wo bí yóò ṣe rí bí èrò bá pọ̀ jù, kí ẹ̀kẹrin ṣe alátakò tí yóò máa wá àléébù kiri. Ejẹ́ǹtì ìkẹyìn ni yóò kó èsì gbogbo wọn jọ, tí yóò sì dájọ́. Kí omi ẹ̀bà tó hó, ìwé ti jáde: "A ti yẹ̀ ẹ́ wò." Inú ẹni tó ya pílánì á dùn, ọ̀gá á fọwọ́ sí i, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀.

Èmi kò bá ẹ̀rọ jà. Gbólóhùn yẹn, "a ti yẹ̀ ẹ́ wò", ni mò ń bá jà. Bí sọ́fítíwíà náà bá jẹ́ ti eré ọwọ́ lásán, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ èyí tí yóò pinnu ọjọ́ tí awakọ̀ tírélà yóò wọ èbúté Àpápá, tàbí máàkì tí ọmọ kan láti Ajégúnlẹ̀ yóò gbé lọ sí yunifásítì, ẹ̀tàn ni gbólóhùn náà. Ejẹ́ǹtì mẹ́wàá tó ti inú ẹ̀rọ kan náà jáde kì í ṣe ẹlẹ́rìí mẹ́wàá. Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni, tó ń pààrọ̀ aṣọ lẹ́ẹ̀mẹwàá.

Kí á fún ẹ̀rọ ní ẹ̀tọ́ rẹ̀ ná. Àwọn ejẹ́ǹtì wọ̀nyí wúlò. Wọ́n lè rí i pé ojú ìwé kẹta tako ojú ìwé ogójì. Wọ́n lè béèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já nígbà tí owó ti kúrò ní báǹkì ṣùgbọ́n tí tíkẹ́ẹ̀tì kò tíì jáde. Kì í rẹ̀ wọ́n, wọn kì í sì í bẹ̀rù ọ̀gá. Ní ilẹ̀ tí ọmọ iṣẹ́ kì í ti í lè la ẹnu sọ fún àgbà pé iṣẹ́ rẹ̀ ní ihò, ìwà rere kékeré kọ́ nìyẹn. Ní 2023, Yilun Du àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì MIT àti iléeṣẹ́ Google tẹ ìwádìí kan jáde tó fi hàn pé bí ẹ̀dà bíi mélòó kan ẹ̀rọ AI bá ń bára wọn jiyàn lórí ìbéèrè kan, èsì ìṣirò àti ti ìmọ̀ wọn a máa sàn ju ti ẹyọ kan lọ. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìwé kan náà jẹ́wọ́ pé nígbà mìíràn, gbogbo wọn a fẹnu kò sórí àṣìṣe, wọn a sì dúró ti àṣìṣe náà bí ẹni pé òdodo ni. Apá àkọ́kọ́ ìwádìí náà ni àwọn ènìyàn wa ń tò lé lórí bí ẹrù ọjà. Apá kejì ni wọ́n ń fi sílẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀.

Ìmọ̀ tuntun kọ́ ni pé ẹni púpọ̀ lè ṣìnà pa pọ̀. Ní 1986, John Knight àti Nancy Leveson gbé ìdánwò kan jáde ní Amẹ́ríkà. Wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì méjì, ti Virginia àti ti California ní Irvine, ní àlàyé iṣẹ́ kan náà. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan dá tirẹ̀ kọ láìwo ti ẹlòmíràn, sọ́fítíwíà 27 ni wọ́n sì kọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ìdánwò mílíọ̀nù kan dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wò. Ìrètí àwọn onímọ̀ nígbà náà ni pé ẹni tó bá dá kọ, á dá ṣì; ibi tí ti ọ̀kan bá ti kọsẹ̀, ti ẹlòmíràn á dúró. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Lórí ìbéèrè kan náà ni púpọ̀ nínú wọn ti ń kọsẹ̀ pọ̀, ju bí àkọsẹ̀bá lásán ì bá ti mú un wá lọ. Ènìyàn ẹlẹ́ran ara sì ni wọ́n o, láti ilé ẹ̀kọ́ méjì tó jìnnà síra, lábẹ́ olùkọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kí ni kí á wá sọ nípa ejẹ́ǹtì mẹ́wàá tí iléeṣẹ́ kan náà kọ́, tí wọ́n ka ìwé kan náà, tí wọ́n ń wo pílánì kan náà?

Ní ọjọ́ 4, oṣù Kẹfà, ọdún 1996, ọkọ̀ òfurufú aláìlérò kan tí wọ́n ń pè ní Ariane 5 gbéra láti Kourou ní Guiana ti ilẹ̀ Faransé. Kọ̀ǹpútà méjì ló ń sọ fún un ibi tó dorí kọ, kí ọ̀kan lè gba iṣẹ́ bí èkejì bá kú. Ṣùgbọ́n sọ́fítíwíà kan náà ló wà nínú àwọn méjèèjì, èyí tí wọ́n gbé láti ara ọkọ̀ Ariane 4 tó ṣáájú rẹ̀. Nọ́ńbà kan tóbi ju àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un. Kọ̀ǹpútà kan dákú, èkejì náà dákú, ohun kan náà ló sì pa àwọn méjèèjì. Kí ogójì ìṣẹ́jú-àáyá tó pé, ọkọ̀ náà ti fọ́ sójú ọ̀run. Gbogbo awakọ̀ tírélà tó ń ná Àpápá ló mọ ẹ̀kọ́ yìí láìlọ sí Kourou: bí táyà sípíà bá ti jò bí èyí tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀, kò sí sípíà nínú ọkọ̀ náà.

Iṣẹ́ ìwé ìròyìn tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe kọ́ wa ní irú ọgbọ́n yìí. Olóòtú mẹ́ta lè ka ìròyìn kan kí ó tó wọ ilé ìtẹ̀wé. Wọn á tún gírámà rẹ̀ ṣe, wọn á yọ ọ̀rọ̀ tó lè fa ẹjọ́ kúrò, wọn á gé e kúrú. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tí agbẹnusọ kan kọ ránṣẹ́ ni wọ́n ń tún ṣe, olóòtú ọgọ́rùn-ún kò lè rí irọ́ inú rẹ̀. Ẹni tó máa rí i ni akọ̀ròyìn tó gun ọ̀kadà lọ sí ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀, tó bi àwọn ará àdúgbò ohun tí ojú wọn rí. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, bí àwọn àgbà náà tilẹ̀ pọ̀ tó mẹ́wàá.

Ẹ jẹ́ kí á wá wọ Àpápá, níbi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń di oúnjẹ òòjọ́. Ẹni tó mọ agbègbè náà kí ọdún 2021 tó dé kò ní gbàgbé. Tírélà á tò láti ẹnu ọ̀nà èbúté títí dé orí afárá. Awakọ̀ á sùn sínú ọkọ̀, á wẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, á lo ọ̀sẹ̀ kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìrìn tí kò ju wákàtí kan lọ. Ní 2019, ìjọba àpapọ̀ gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lábẹ́ Ìgbákejì Ààrẹ nígbà náà, Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, pé kí wọ́n palẹ̀ ọkọ̀ mọ́ kúrò lójú títì. Nígbà tó di ọjọ́ 27, oṣù Kejì, ọdún 2021, àjọ NPA tó ń bójú tó àwọn èbúté wa, lábẹ́ Hadiza Bala Usman, ṣí ìlànà ìpè orí kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n sọ ní Ètò. Iléeṣẹ́ Trucks Transit Parks ni wọ́n gbé e lé lọ́wọ́.

Lórí ìwé, Ètò lẹ́wà. Ọkọ̀ yóò dúró sí páàkì tí NPA fọwọ́ sí. Ẹni tó ni ọkọ̀ yóò sanwó lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, yóò gba tíkẹ́ẹ̀tì tó ní ọjọ́ àti àkókò. Bí àkókò bá tó, ọkọ̀ yóò gbéra lọ sí ibùdókọ̀ tó súnmọ́ èbúté, irú èyí tó wà ní Lilypond ní Ìjọra, yóò sì tibẹ̀ wọlé. Kò sí tíkẹ́ẹ̀tì, kò sí ìwọlé. Bí a bá gbé irú pílánì yìí fún ejẹ́ǹtì AI mẹ́wàá lónìí, mo mọ ohun tí wọn yóò béèrè: bí ẹ̀rọ bá dákú ńkọ́? Bí ọkọ̀ méjì bá gba àkókò kan náà ńkọ́? Ta ló ń ṣọ́ owó àti orúkọ àwọn oníbàárà? Ìbéèrè gidi ni gbogbo wọn. Èmi náà yóò béèrè wọn.

Ṣùgbọ́n kí ni àwọn awakọ̀ àti ẹgbẹ́ wọn ń ké lé lórí lẹ́yìn tí Ètò bẹ̀rẹ̀? Wọ́n ní àwọn tó dúró sí ojú ọ̀nà, àwọn tó wọ aṣọ ìjọba àti àwọn tí kò wọ̀ ọ́, ṣì ń gba owó kí ọkọ̀ tó kọjá, bí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tilẹ̀ pé. Wọ́n ní àwọn kan ti sọ tíkẹ́ẹ̀tì di ọjà, wọ́n ń tà á ju iye rẹ̀ lọ. Ọ̀nà fúnra rẹ̀ wà lábẹ́ àtúnṣe nígbà náà. Apá Tin Can kún fún kòtò tó lè gbé tírélà mì, débi pé ọkọ̀ tí wọ́n pè fún aago mẹ́wàá lè má rí ẹnu bodè títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Àwọn tó ń kó irè oko lọ sí òkè òkun ké gbàjarè pé ẹrù àwọn ń bàjẹ́ lórí ìlà. Ní 2022 ni NPA ṣẹ̀ṣẹ̀ fún àwọn ibùdó ọ̀tọ̀ níwèé àṣẹ láti máa to irú ẹrù bẹ́ẹ̀ kí ó tó lọ sí èbúté.

Nínú gbogbo èyí, èwo ló wà nínú pílánì? Kò sí ìkankan. Àpótí àti ọfà ni pílánì máa ń yà: ọkọ̀ kúrò ní A, ó dé B. Kò ya ọmọkùnrin tó di pátákó oníṣòó mú láàárín A àti B. Kì í ṣe pé Ètò kò ṣe nǹkan kan o. Ìlà tírélà òní kì í ṣe ti 2019, ẹni tó bá sọ pé kò sí ìyàtọ̀ ń ṣe àbòsí. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìmọ̀ tó tún un ṣe kò ti inú ìwé wá. Ẹnu awakọ̀, ọmọ ọkọ̀ àti oníṣòwò tí ẹrù rẹ̀ ti jẹrà ni ó ti wá, lẹ́yìn tí wọ́n ti jìyà tán. Ìbá ṣe pé a bi wọ́n kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, à bá ti ra ìmọ̀ yẹn ní pọ́ọ́kú.

Ẹnìkan lè sọ pé, "Àwa náà lè pàṣẹ fún ejẹ́ǹtì kan kí ó ṣe bí awakọ̀ Àpápá." Mo ti gbọ́ èyí rí. Ejẹ́ǹtì náà yóò ṣe é dáadáa, yóò sì dùn ún gbọ́. Àní ó lè da àmúlùmálà gẹ̀ẹ́sì pọ̀ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kí ni yóò máa sọ? Ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti kọ nípa awakọ̀ ni. Ajégúnlẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àpápá, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ajeromi-Ifelodun, ni púpọ̀ nínú àwọn tó ń fi èbúté jẹun ń gbé: alábàárù, mẹkáníìkì, ọmọ ọkọ̀, ìyá olóúnjẹ. Orúkọ ìlú náà sọ pé ajé gúnlẹ̀ síbẹ̀. Yorùbá, Ìlàjẹ, Ìgbò, Ìjọ́, Ùròbò àti Haúsá ló jọ ń gbé e. Bí a bá ní kí íntánẹ́ẹ̀tì sọ ìtàn Ajégúnlẹ̀, ìtàn agbábọ́ọ̀lù, olórin àti àwọn ọmọ ìta ni yóò kún ẹnu rẹ̀. Iye tí wọ́n ń gbà ní ojúkò kọ̀ọ̀kan, wákàtí tí wọ́n ń gbà á, ọ̀rọ̀ tí awakọ̀ fi ń bẹ̀ wọ́n, díẹ̀ nínú ìyẹn ni wọ́n kọ sílẹ̀. Ohun tí a kò kọ, ẹ̀rọ kò kà á. Awakọ̀ tí ejẹ́ǹtì náà ń ṣe, eégún awakọ̀ ni. Ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Ẹni tó ka ìwé nípa bàtà kò mọ̀ ọ́n.

Bí ẹnìkan bá rò pé ọ̀rọ̀ èbúté nìkan ni mò ń sọ, kí ó rántí oṣù Karùn-ún ọdún 2025. JAMB gbé èsì ìdánwò UTME jáde, ariwo sì gba ìlú. Ní ọjọ́ 14 oṣù náà, ọ̀gá àgbà àjọ náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Olóyèdé, dúró níwájú àwọn oníròyìn ní Àbújá, ó gbà pé àṣìṣe wà, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ 379,997 ní ilé ìdánwò 157 ni ọ̀rọ̀ náà kàn: 206,610 ní ilé ìdánwò 65 ní Èkó, àti 173,387 ní ilé ìdánwò 92 ní ìpínlẹ̀ márààrún ilẹ̀ Ìgbò. JAMB ti yí bí wọ́n ṣe ń to ìbéèrè àti ìdáhùn padà lọ́dún náà. Àtúnṣe sọ́fítíwíà tó yẹ kí ó bá ìyípadà yẹn lọ wọ àwọn sáfà apá kan, ṣùgbọ́n kò wọ àwọn tó ń sin Èkó àti ilẹ̀ Ìgbò. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ náà tún ìdánwò ṣe.

Ẹ kíyè sí i: ó ṣeé ṣe kí pílánì náà péye. Kí á ní ejẹ́ǹtì ẹgbẹ̀rún ló yẹ̀ ẹ́ wò, wọn ì bá sọ pé ó dára, òtítọ́ ni wọn ì bá sì sọ. Àṣìṣe náà kò sí nínú ohun tí a kọ. Inú ohun tí ẹnìkan gbàgbé láti ṣe ló wà. Ariwo àwọn òbí àti àwọn ọmọ tó mọ bí wọ́n ṣe múra ìdánwò sílẹ̀ ló gbé e jáde. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju eéje lọ.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù, òun ló sì ń dùn mí jù. Kí AI tó dé ni Àpápá ti mọ ejẹ́ǹtì. Ejẹ́ǹtì ni ẹni tó ń bá oníṣòwò gba kọ̀ǹténà jáde. Ó ní orúkọ, ó ní ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àwọn aṣọ́bodè. Bí ó bá kọ irọ́ sínú ìwé ẹrù, wọ́n lè gba ìwé àṣẹ náà, wọ́n sì lè gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ní 2025 tí àwọn aṣọ́bodè gbé sọ́fítíwíà wọn tuntun, B'Odogwu, dé Àpápá, àwọn ejẹ́ǹtì wọ̀nyí ló figbe ta pé ẹ̀rọ ń dákú, pé ẹrù ń há, pé owó ìdúró ẹrù ń gun orí oníṣòwò. Wọ́n ké nítorí pé ọjà ni wọ́n fi ń jẹun. Ejẹ́ǹtì AI kò ní ìwé àṣẹ tí ẹnikẹ́ni lè gbà. Bí iṣẹ́ bá dàrú, kò ní ẹrù tí yóò há. Nígbà tí aláṣẹ bá wá sọ pé "AI ló yẹ̀ ẹ́ wò", ohun tó ń sọ gan-an ni pé kò sí ẹni tí ẹ lè mú.

Mo mọ ohun tí àwọn ọ̀dọ́ wa yóò sọ. Wọ́n á ní owó kò sí. Pé àgbà onímọ̀ kan lè gba owó oṣù mẹ́ta kí ó tó ka pílánì wọn, nígbà tí ejẹ́ǹtì AI kò gbà ju iye dátà lọ. Òdodo ọ̀rọ̀ ni, n kò sì ní kí wọ́n jù ú nù. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò lò ó, kí ó lò ó bí ọmọlúàbí.

Lákọ̀ọ́kọ́, kí ó bi ènìyàn kí ó tó bi ẹ̀rọ. Kí ó jókòó ti awakọ̀ márùn-ún, ejẹ́ǹtì ẹrù méjì àti ìyá olóúnjẹ kan ní Mile 2, kí ó kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ ní èdè tí wọ́n fi sọ ọ́, kí ó sì gbé ìwé yẹn fún àwọn ejẹ́ǹtì AI pẹ̀lú pílánì. Owó ọkọ̀ àti àwo ìrẹsì ni ìyẹn yóò ná an. Lẹ́yìn èyí, kí ó má fi aṣọ ọ̀tọ̀ nìkan ya àwọn ejẹ́ǹtì náà sọ́tọ̀. Kí ó mú wọn láti ọwọ́ iléeṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀rí ọ̀tọ̀, kí ó má sì jẹ́ kí ọ̀kan rí èsì èkejì títí yóò fi parí tirẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí ó má jẹ́ kí ejẹ́ǹtì tó ń kó èsì jọ pa ohùn ẹni tó dá yàtọ̀ rẹ́. Bí mẹ́sàn-án bá ní ó dára tí ọ̀kan ní kò dára, ọ̀rọ̀ ẹyọ kan yẹn ni kí ó kọ́kọ́ kà. Ní ìparí, kí ènìyàn kan tó ní orúkọ fọwọ́ sí i, kí á lè mọ ẹni tí a ó bi.

Fún ìjọba, ìyẹn nìkan kò tó. NPA, JAMB, àwọn aṣọ́bodè àti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ń fi sọ́fítíwíà ṣàkóso wa, a kò sì bá wọn jà lórí ìyẹn. Ohun tí a ní ẹ̀tọ́ sí ni kí wọ́n gbé orúkọ àwọn tó yẹ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wò jáde kí ó tó bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ àti ohun tí a tún ṣe nítorí rẹ̀. A sì ní ẹ̀tọ́ pé kí àwọn tí iṣẹ́ náà yóò jẹ lé lórí wà lára wọn. Kí wọ́n dán an wò ní ibì kan ṣoṣo kí wọ́n tó dà á bo gbogbo wa mọ́lẹ̀. Awakọ̀ tó ti sùn sórí afárá rí kò nílò ìwé ẹ̀rí kankan kí ó tó lè sọ ibi tí pílánì yóò ti já. Ẹ pè é. Ẹ fún un ní àga. Lẹ́yìn tí ó bá ti sọ̀rọ̀ tán, kí àwọn ejẹ́ǹtì mẹ́wàá yín wá bẹ̀rẹ̀ tiwọn.